Wọn ò ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, ọkùnrin sì ń lù ú: ṣé òfin mọ irú wọn?

Àṣàkẹ́_Mushin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹnì kan ló gbé ọ̀rọ̀ wá sí ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa, a sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ là wá lọ́yẹ̀ ká tó ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọmọbìnrin náà àti ọkùnrin kan ti jọ ń gbé láti bí ọdún mẹ́rin, wọ́n sì ti bímọ kan. Kò sí mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, kò sí ìdána, wọn ò lọ sí kóòtù. Àwọn méjèèjì ló ń dá owó ilé, àmọ́ orúkọ ọkùnrin nìkan ló wà lórí rìsíìtì. Iṣẹ́ POS lọmọbìnrin yìí ń ṣe. Alaalẹ́ ni ọkùnrin ń gba owó ọjà lọ́wọ́ ẹ̀, tó tún ń gba fóònù ẹ̀ láti wo ẹni tó pè é. Ìgbà tí oyún ọmọ yẹn wà nínú ẹ̀ ni ìgbájú ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fún un lọ́rùn títí ojú ẹ̀ fi ṣú.

Ó dé téṣàn, wọ́n ní kó mú ìwé ìgbéyàwó wá, bí kò bá ní, kó lọ sọ fún ẹbí ẹ̀. Ẹbí náà ní àwọn ò gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ni káwọn wá lọ bá wí?

Ṣé òfin kankan wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ta ló ni ọmọ tó bá kúrò? Ó ní òun ò fẹ́ kí ọkùnrin náà ṣẹ̀wọ̀n o, òun kàn fẹ́ kó jáwọ́. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

---

Lọ́yà_Àdúgbò

Ẹ ṣé, Àǹtí Àṣàkẹ́. Ẹni tó ní kó mú ìwé ìgbéyàwó wá ti ṣì í lọ́nà. Láti ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé, kò sì sí owó orí nínú ohun tó fi ń díwọ̀n. Ó ka àwọn tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, ní ìlànà ìbílẹ̀ tàbí ti ẹ̀sìn mọ́ ọn. Ó ka àwọn tó jọ ń gbé bíi tọkọtaya láìṣe ìgbéyàwó mọ́ ọn. Àwọn tó jọ bímọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fẹ́ra sọ́nà wà níbẹ̀, ẹbí wà níbẹ̀, títí dórí àwọn tó jọ ń pín ilé gbé. Ọ̀nà méjì lọmọbìnrin yìí gbà wọlé: wọ́n jọ ń gbé, wọ́n sì jọ bímọ. Kò nílò ìwé kankan láti fi hàn pé ìyàwó lòun. Òfin náà ò sì sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń lù. Ọkùnrin tí ìyá ọmọ ẹ̀ ń da omi gbígbóná sí lára lè lò ó pẹ̀lú.

Ìlù nìkan kọ́ ló kà sí ìwà ipá. Fífi ebi pani, gbígba owó tàbí dúkìá ẹni, sísọ̀rọ̀ àbùkù síni léraléra, ìhàlẹ̀, títọpasẹ̀ ẹni kiri, bíba ẹrù ẹni jẹ́, dída ásíìdì síni lára, ìfipábánilòpọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó POS àti ti fóònù yẹn kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi sílẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ìgbájú nìkan ni adájọ́ fẹ́ gbọ́.

Ohun tó ń wá gan-an ni wọ́n ń pè ní àṣẹ ààbò. Inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́ pé kò fẹ́ ẹ̀wọ̀n, torí àṣẹ yìí yàtọ̀ sí ẹjọ́ ọ̀daràn. Kóòtù á pàṣẹ fún ọkùnrin pé kò gbọdọ̀ ṣe báyìí-báyìí mọ́. Ìgbà tó bá rú àṣẹ yẹn ló di ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ sì lè tó ọdún 5. Kóòtù májísíréètì tàbí ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú ìwé ìbúra. Tí ìwé ìbúra bá fi hàn pé ewu wà nílẹ̀, adájọ́ lè fún un ní àṣẹ onígbà díẹ̀ láì tíì gbọ́ tẹnu ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ọjọ́ tí ọkùnrin á wá wí tẹnu ẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àṣẹ náà á dúró. Tí ẹ̀rù bá ń ba ọmọbìnrin náà láti lọ fúnra ẹ̀, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re, ọlọ́pàá, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìlera lè bá a gbé e lọ, tó bá ti fọwọ́ síwèé pé òun gbà.

Àkọ́kọ́, ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìbúra ti ń kú rèé: èèyàn á kọ ọ́ pé “ó máa ń fìyà jẹ mí.” Adájọ́ ò lè rí nǹkan kan gbá mú níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ní alẹ́ Sátidé” (ẹ kọ déètì), “nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nínú pálọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọrùn mi mọ́ ògiri. Mi ò lè pariwo. Ìgbà tí ará ilé kejì kan ilẹ̀kùn ló tó fi mí sílẹ̀.” Ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ tó fi ṣe é, ẹni tó gbọ́. Kí ó kọ ti ìgbà àkọ́kọ́, ti èyí tó burú jù, àti ti èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Kò pọn dandan kó rántí gbogbo ẹ̀.

Ìkejì, ẹ rí i pé àdírẹ́sì ibi tí wọ́n á ti rí ọkùnrin náà péye, ilé àti ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin torí pé akọ̀wé kóòtù tó fẹ́ fún un níwèé ò bá a nílé. Ẹ sì bẹ kóòtù pé kí àdírẹ́sì tuntun ọmọbìnrin náà má sí nínú ìwé tó máa dé ọwọ́ ọkùnrin.

Ìkẹta, wọn kì í béèrè tó. Yàtọ̀ sí “kó má lù mí mọ́,” ó lè béèrè pé kí ọkùnrin má sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù òun, kó má pe òun, kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé òun lọ kó ẹrù, kó máa san owó oúnjẹ ọmọ. Kóòtù lè pàṣẹ lórí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ohun téèyàn ò bá béèrè, kò sẹ́ni tó máa fi kún un fún un.

Fún àwọn tí kì í ṣe ará Èkó: Èkìtì ní òfin tiwọn láti ọdún 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019, Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2017, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tó kù náà ti ń ní tiwọn. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2015, Abuja ló wà fún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òfin Nàìjíríà gbà kí ọkọ na ìyàwó láti fi tọ́ ọ sọ́nà, ìwé òfin ọ̀daràn ti apá àríwá ló ti rí i. Kò kan gúúsù rárá.

---

Nọ́ọ̀sì_Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kóòtù sílẹ̀ ná. Ọrùn yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ ni ewu ẹ̀ tán.

Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì kọjá, kò sì jìn sí awọ ara. Agbára tó lè dí i ò pọ̀ rárá, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lèèyàn lè dákú. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé ara lè máà ní àpá kankan lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á ní “ṣebí ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rìn.” Àmọ́ ara inú òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn lè ti ya, ẹ̀jẹ̀ á máa dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn á já wọ ọpọlọ, ẹ̀gbẹ́ kan ara á rọ. Àwọn ará ilé á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.

Ẹ bi í láwọn ìbéèrè yìí, ní kọ̀rọ̀: Ṣé ohùn ẹ̀ há tàbí ó yí padà? Ṣé itọ́ ń ṣòro fún un láti gbé mì? Ṣé ó tọ̀ sára tàbí kò rántí apá kan ohun tó ṣẹlẹ̀? (Tí kò bá rántí, ó jọ pé ó dákú, kò kàn mọ̀ ni.) Ṣé àmì pupa wínníwínní wà nínú ẹyinjú, lábẹ́ ìpéǹpéjú, lẹ́yìn etí? Ṣé orí ń fọ́ ọ lọ́nà tí kò ṣe é rí, ṣé òòyì ń kọ́ ọ, ṣé ọwọ́ kan tàbí ẹsẹ̀ kan ń kú tìpìrì? Ṣé oyún wà nínú ẹ̀? “Bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo ti tó láti gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí, níbi tí wọ́n ti lè ya àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn. X-ray lásán ò ní fi í hàn.

Tó bá dé iwájú dókítà, kó sọ ọ́ gbangba pé “ẹni tá a jọ ń gbé ló fún mi lọ́rùn,” kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì. Ìwé tó bá sọ pé “ọrùn ń dùn ún,” kò wúlò fún Lọ́yà níwájú adájọ́.

Fọ́tò náà ṣe pàtàkì. Ẹ ya èyí tó fi ojú àti ọrùn hàn pọ̀, kí èèyàn mọ̀ pé òun ni. Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọgbẹ́, kí ẹ fi rúlà tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ má lo fíláàṣì, torí ó máa ń pa àwọ̀ ara dà. Lára èèyàn dúdú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lè má hàn lọ́jọ́ náà rárá, kó wá yọ dáadáa lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nítorí náà ẹ tún un yà. Kí ó fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíì, kó sì pa á rẹ́ lórí tiẹ̀, títí kan inú àpótí ìdọ̀tí fóònù.

Tí ìfipábánilòpọ̀ bá wà nínú ẹ̀ (ẹ bi í, kì í sábà sọ ọ́ fúnra ẹ̀), wákàtí 72 ni àkókò tí oògùn ìdènà HIV fi ṣì lè ṣiṣẹ́, bó bá sì ṣe yá sí ló ṣe dára sí. Ọjọ́ 28 ló máa fi lò ó. Oògùn ìdènà oyún, kó má kọjá ọjọ́ márùn-ún. Kó má wẹ̀ kó tó lọ, kó kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà. Nínú ọ̀rá, ṣe ni aṣọ máa ń bu, ẹ̀rí á bàjẹ́. Mirabel Centre tó wà nínú LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba Èkó ní Ìkẹjà, ti ń tọ́jú irú èyí láti 2013, wọn kì í gbowó.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ nípa ọrùn: Jacquelyn Campbell, nọ́ọ̀sì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àwọn obìnrin tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé pa. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2008, obìnrin tí wọ́n ti fún lọ́rùn rí wà nínú ewu pé ẹni náà á pa á lọ́jọ́ iwájú ní ìlọ́po méje ju èyí tí wọn ò fún lọ́rùn lọ. Lára àmì ewu tí wọ́n kọ sílẹ̀, lílù nígbà tí oyún wà nínú, owú tó pọ̀ lápọ̀jù, ṣíṣọ́ gbogbo ìrìn ẹni, ìhàlẹ̀ pé òun á pa á, ohun ìjà nínú ilé. Ẹ padà ka ohun tí Àǹtí Àṣàkẹ́ kọ, kẹ́ ẹ wo iye tó ti wà níbẹ̀.

---

Bàbá_Àgbà_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Ẹbí tó ní ọ̀rọ̀ ò kan òun nítorí owó orí, kò ṣe dáadáa. Ṣé owó orí ló bí ọmọ wọn ni?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe rí ní ìlànà ìbílẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ máa ń dà á pọ̀. Obìnrin tí wọn ò dá ìdána ẹ̀, tí ẹbí méjèèjì ò mọra, kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Gbígbé pọ̀ fún ogún ọdún ò sọ ọ́ dà. Àwọn èèyàn ń wò ó bí àbùkù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó dáa sí: kò sí ìkọ̀sílẹ̀ tó fẹ́ lọ gbà ní kóòtù kọ́sítọ́márì, kò sí owó orí tí ẹnikẹ́ni máa ní kó dá padà, kò sì sẹ́ni tó lè fi àṣà mú un pé kó padà sílé. Tó bá gbé báàgì ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ti ọmọ yàtọ̀. Bí bàbá bá ti jẹ́wọ́ ọmọ, tó wà níbi ìsọmọlórúkọ, tó ń ná an, ọmọ ẹ̀ ni lójú àṣà, àìsí owó orí ò lè sọ ọ́ di ọmọ àlè. Ó jogún bàbá ẹ̀ bíi ti àwọn ọmọ yòókù. Ìwé òfin ìlú ti ọdún 1999 pàápàá ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ ẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àgbà méjì nínú ẹbí obìnrin lọ bá àgbà ẹbí ọkùnrin, kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n bá ọkùnrin wí níwájú gbogbo èèyàn. Ìtìjú máa ń ṣiṣẹ́ ju ọlọ́pàá lọ.

---

Olùtọ́jú_Àwùjọ

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa owó orí àti ọmọ ni mo fara mọ́. Ìjókòó yẹn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí.

Tí ìjà bá jẹ́ ti ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba, ìpàdé ẹbí ni oògùn ẹ̀. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń bẹ̀rù èkejì, ìpàdé yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ó ní kó sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń lù ú. Tó bá sọ òtítọ́, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa gba owó ọ̀rọ̀ ẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, àwọn àgbà á ní “ọ̀rọ̀ kékeré lẹ sọ di ńlá yìí.” Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, á sunkún, wọ́n á ní kí obìnrin dárí jì í, kó má yájú mọ́. Ẹ̀bi ti wá di àjọpín. Ìtìjú tí ẹ sọ yẹn, obìnrin náà ló máa ń fi san án.

Àwọn tó ń sọ pé ìbínú ẹ̀ ni kò ṣeé kápá, ẹ wo ẹni tó ń lù. Kì í gbá ọ̀gá ẹ̀ létí níbi iṣẹ́. Kì í fún onílé lọ́rùn tó bá wá gba owó. Ọtí lè mú kí ọwọ́ wúwo sí i, òun kọ́ ló ń ka ìwé ìpè inú fóònù lóròòru. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ni pé ẹnì kan fẹ́ darí ẹnì kejì, ìlù wà lára ohun tó fi ń ṣe é, owó POS wà níbẹ̀, fóònù wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ẹbí dá sí i, iṣẹ́ wà fún wọn: kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọmọbìnrin náà sọ́dọ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹ̀ ní òun nìkan, kí àgbà wá lọ bá àwọn ará ilé ọkùnrin láì mú un dání. Kò gbọdọ̀ sùn sílé yẹn ní ọjọ́ tí wọ́n bá bá ọkùnrin sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, kíkúrò. Ẹ má sọ fún un pé “kó lọ kíá” kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ìgbà tí obìnrin bá sọ pé òun ń lọ, àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, ni àwọn onírú ọkùnrin yìí léwu jù, torí ohun tí wọ́n dì mú ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò gbọdọ̀ fi ṣe ìhàlẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nígbà ìjà. Ọjọ́ tí ọkùnrin bá wà níbi iṣẹ́ ni kó lọ.

Fóònù lẹ máa kọ́kọ́ wò. Kó ṣí WhatsApp, kó wọ Linked devices, kó wo bóyá kọ̀ǹpútà tàbí fóònù míì wà níbẹ̀. Kó wo bóyá àkáǹtì Google tó wà lórí fóònù ẹ̀ wà lórí fóònù ọkùnrin pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí ibi tí fóònù wà. Ṣùgbọ́n kó má ṣe yí gbogbo password padà nígbà tó ṣì ń gbé ibẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ fóònù wò lálaalẹ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Fóònù ẹlòmíì ni kó máa fi pe ẹ̀yin àti lọ́yà. Wákàtí tó ń jáde kúrò nílé ni kó wá yí gbogbo ẹ̀ padà.

Owó: ta ni orúkọ ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ POS yẹn? Ta ni àkáǹtì tí owó ń wọ̀? Tó bá jẹ́ ti ọkùnrin, ẹ̀rọ yẹn á dúró síbẹ̀, kí ó máa tọ́jú èrè díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ tiẹ̀, ọjọ́ tó bá lọ ni kó yí PIN padà, kó sì lọ sí báńkì láti yí nọ́ńbà tí alert ń wọ̀.

Ìwé: ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, NIN, káàdì ATM, èsì WAEC, ìwé dókítà tí Nọ́ọ̀sì sọ. Tí kíkó wọn bá máa fa ìfura, kó ya wọ́n ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ síta. Báàgì kan, aṣọ ọmọ méjì mẹ́ta, oògùn, owó ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ míì. Ilé ọ̀rẹ́ ni kó kó o sí. Tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa rí i. Ilé ọ̀rẹ́ tí ọkùnrin mọ̀ dáadáa kọ́ o, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé, kó má sá sí kíṣìnnì (ọ̀bẹ àti omi gbígbóná wà níbẹ̀), kó má sì sá sí balùwẹ̀ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ. Kí ẹ bá ará ilé kejì ṣàdéhùn ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé tí ó bá ti gbọ́ ọ, ó ti mọ̀ pé kó pe èèyàn.

Ẹni tẹ́ ẹ máa pè: DSVA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, 08000 333 333, owó ìpè ò sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ní 2014, òfin sọ wọ́n di iléeṣẹ́ ní 2021. Wọ́n lè pe téṣàn, wọ́n lè wá ibi tó máa fara pamọ́ sí, wọ́n sì mọ ọ̀nà kóòtù. Tó bá jẹ́ pé ìjà ń lọ lọ́wọ́, 112 tàbí 767. Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà ní Office of the Public Defender àti FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò. Citizens Mediation Centre, ibi ìlàjà ti ìjọba Èkó, dára fún ọ̀rọ̀ owó ilé àti gbèsè, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ọrùn lọ síbẹ̀.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa ará ìlú ọba kún un, torí àwọn èèyàn wa níbí máa ń ka irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á rò pé kò kàn wọ́n.

Ní England náà, gbígbé pọ̀ láìṣe ìgbéyàwó ò sọ yín di tọkọtaya, bó ti wù kó pẹ́ tó; ọ̀rọ̀ “common law wife” tí wọ́n ń sọ kò sí nínú òfin. Àmọ́ láti gba àṣẹ ààbò, ẹ ò nílò ìgbéyàwó. Fọ́ọ̀mù FL401 lẹ máa kọ, kò sí owó kóòtù lórí ẹ̀, wọ́n sì lè fún yín láṣẹ kí wọ́n tó pe ọkùnrin. Rírú àṣẹ yẹn, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 5. Láti 2015 ni òfin ti ka ìdarí bíi ti owó POS àti fóònù yẹn sí ọ̀ràn fúnra ẹ̀, láti oṣù kẹfà 2022 sì ni fífún ènìyàn lọ́rùn ti ní òfin tirẹ̀.

Ti físà ló ń dá àwọn èèyàn wa dúró jù. “Tí o bá pe ọlọ́pàá, wọ́n á dá ọ padà sí Nàìjíríà.” Irọ́ ni wọ́n fi ń halẹ̀. Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, tí àjọṣe náà sì bàjẹ́ nítorí ìwà ipá, lè béèrè fún MVDAC, ìyọ̀ǹda fún àlejò tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé: oṣù mẹ́ta tó fi lè gba owó ìrànwọ́ àti ilé. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ lẹ tọ̀ wá, ẹ lè béèrè fún ìwé ìgbélùú pípẹ́ tiyín láàárín oṣù mẹ́ta yẹn. Tó bá jẹ́ físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ tẹ̀ lé wá, ẹ lè gba oṣù mẹ́ta náà láti 2024, àmọ́ kò gbé yín dé ìwé ìgbélùú, nítorí náà ẹ tètè rí lọ́yà físà kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, torí ó máa rọ́pò físà tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́.

Nọ́ńbà: 0808 2000 247, tọ̀sán-tòru. Tẹ́ ẹ bá pe 999 lórí fóònù alágbèéká tẹ́ ẹ ò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́.

---

Àṣàkẹ́_Mushin

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ kú àánú. Wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí. Ohùn ẹ̀ há, ó sì ní itọ́ ń há òun lọ́fun. Ó ku nǹkan méjì: ọkùnrin ní òun á gba ọmọ òun, ọmọ ọdún méjì ni. Àti owó ilé tó ń dá, ṣé ó ti lọ nìyẹn? Tí téṣàn bá sì tún lé wa padà ńkọ́?

---

Lọ́yà_Àdúgbò

Ọmọ: kí ọkùnrin náà jẹ́ bàbá ọmọ, àríyànjiyàn ò sí níbẹ̀, Bàbá ti là á. Ẹni tí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ni ìbéèrè, kóòtù ẹbí lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó ló ń dá a. Ohun tó bá ṣe ọmọ lóore ni wọ́n ń wò, bí a bá sì ń sọ ti ọmọ ọdún méjì tí ìyá ẹ̀ ń tọ́jú, tí ìwé dókítà fi hàn pé bàbá fún ìyá lọ́rùn nínú ilé náà, ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń tẹ̀ sí ò fara sin. Kó mú ọmọ dání tó bá ń lọ. Tó bá fi í sílẹ̀ pé òun á padà wá mú un, ọkùnrin á ní ó já ọmọ jù sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ń béèrè fún àṣẹ ààbò, kí orúkọ ọmọ wà nínú ẹ̀.

Owó ilé: níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìgbéyàwó, kò sí ọ̀rọ̀ pínpín dúkìá tọkọtaya. Ohun tó bá lè fi hàn pé òun ló rà á tàbí òun ló san án ló máa rí gbà. Kó lọ sí báńkì, kó gba àkọsílẹ̀ owó tó fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tàbí sí onílé. Rìsíìtì fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀dì, kó wá wọn. Tí kò bá rí ìwé, kó kọ orúkọ ẹrù kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti rà á, àti ẹni tó bá a gbé e wálé.

Téṣàn: ẹ má dá a lọ, kí èèyàn méjì tẹ̀ lé e, kí ọ̀kan nínú wọn lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ má sọ pé “ọkọ mi lù mí.” Ẹ sọ pé “mo fẹ́ fi ẹjọ́ ìfúnnilọ́rùn sùn, ìwé dókítà rèé.” Ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó ẹjọ́ obìnrin àti ọmọdé. Tí ẹni orí káńtà bá kọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ọ̀gá téṣàn náà, kí ẹ pe DSVA níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Kó fúnra ẹ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá bá a kọ ọ́, kó kà á kó tó fọwọ́ sí i. Kó gba orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí àti nọ́ńbà ẹjọ́. Fífi ẹjọ́ sùn kò lówó, béèlì náà kò lówó. Tí wọ́n bá mú ọkùnrin náà, ẹ má fi ọkàn sí i pé ó máa pẹ́ níbẹ̀, torí náà kí ọmọbìnrin náà ti kúrò nílé yẹn kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan téṣàn.

---

Nọ́ọ̀sì_Ìkòròdú

Ohùn tó há àti itọ́ tó ń há lọ́fun, ẹ sọ méjèèjì fún dókítà kí ẹ tó jókòó. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé, kó má dá sùn lálẹ́ òní àti lọ́la, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí mímí bá ṣòro tàbí ọrùn bá wú sí i, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀.